Ta Ló Ń Tún Un Ṣe?

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí Bàbá mi ba eré tí mo fẹ́ràn jù lọ jẹ́ mọ́ mi lójú. A wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Sábó-Òkè, ní Ìlọrin, níbi tó ti ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe. Tẹlifíṣọ̀n oníbàárà kan wà lórí tábìlì, wọ́n ń dán an wò, NTA sì ń fi Space: 1999 hàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀ á rántí rẹ̀. Àwọn ènìyàn kan ń gbé ní ibùdó lórí òṣùpá. Ìdọ̀tí núkilíà tí wọ́n kó pamọ́ síbẹ̀ bú gbàmù lọ́jọ́ kẹtàlá oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, ó ta òṣùpá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayé, òṣùpá sì ń gbé wọn lọ síbi tí ojú ò tó. Láàárín 1975 sí 1977 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde nílùú òyìnbó. Tiwa pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Inú ibùdó náà funfun láúláú, iná ń tàn wìnnìwìnnì lára ògiri, ilẹ̀kùn ń ṣí fúnra rẹ̀. Mo la ẹnu sílẹ̀. Bàbá ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì lọ ní tiwọn, wọ́n gbójú sókè wo eré náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní:

"Gbogbo iná yìí, ta ló ń tún un ṣe?"

Inú bí mi bí ẹni tí wọ́n da yẹ̀pẹ̀ sí gààrí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọlé. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń wo ọkọ̀ òfuurufú kankan, ojú mi á máa wá ẹni tó mú síkúrúdíráfà lọ́wọ́. Èmi náà ti wà nídìí iṣẹ́ yẹn báyìí, mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré lọ́nà Táíwò, láàpútọ́ọ̀pù àti fóònù ló pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń ṣe, tẹlifíṣọ̀n ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bẹ̀ mí dáadáa. Mo ti lé ní ogójì ọdún tí mò ń wo ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, tí mò ń kà á. Ìbéèrè Bàbá yẹn ni mo fi ń wọ̀n wọ́n. Èyí tó bá dáhùn ìbéèrè náà ni mo máa ń tọ́jú.

Star Wars ni àkọ́kọ́ tó yege. Ọdún 1977 ni fíìmù náà jáde, kásẹ́ẹ̀tì fídíò tó ti ń yọ̀ ni a fi wò ó, àwòrán ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ idà oníná. Èmi, àwọn ẹ̀dá kékeré oníbòrí tí wọ́n ń pè ní Jawa ni mo rí. Àwọn wọ̀nyẹn ń wa ọkọ̀ ńlá kiri aṣálẹ̀, wọ́n ń ṣa róbọ́ọ̀tì tó sọnù, wọ́n ń nù wọ́n, wọ́n ń tà wọ́n fún àgbẹ̀. Tòkunbọ̀ pọ́ńbélé! Àbúrò bàbá Luke, akọni eré náà, tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ìdílé yẹn máa ń rú mi lójú, ra róbọ́ọ̀tì pupa kan. Kò tíì rin ìrìn ẹsẹ̀ mélòó kan tí orí rẹ̀ fi bú, èéfín jáde. Luke pariwo pe ẹbí bàbá rẹ̀ yẹn, wọ́n dá a padà lójú ẹsẹ̀, wọ́n gba èyí tó ní àwọ̀ búlúù dípò rẹ̀, èyí tí wọ́n fi iṣẹ́ pàtàkì rán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò. Bí ọjà tòkunbọ̀ kan ò bá bàjẹ́ kí ó tó délé, kò sí ìtàn. Ẹni tó bá ti ra fíríìjì tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù bò rí, tó sì dákú kí ó tó débi ọkọ̀, mọ̀ pé ẹni tó kọ eré yẹn ti dé ọjà rí. Ohun gbogbo inú rẹ̀ ló dọ̀tí, ó há, ó ní ojú àpá. Mo gbà á gbọ́ nítorí ìdọ̀tí yẹn.

Ìdàkejì rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ṣe ní 1996, Independence Day, níbi tí ọkùnrin kan ti gbé láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ wọ inú ọkọ̀ àwọn àjèjì láti ojú sánmọ̀, tó fi kòkòrò kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ wọn, tí gbogbo ààbò wọn sì wó. Mo ń rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Lọ́sẹ̀ tí mo wò ó lẹ́ẹ̀kejì, oníbàárà kan ń bá mi jà nítorí pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ ò gbọ́ ohùn láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe àwọn méjèèjì.

Ìwé ni mo fẹ́ sọ báyìí. Nídìí òkìtì ìwé àlòkù tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ lápá Post Office ni mo ti rí I, Robot ti Isaac Asimov, èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 1950. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Ìtàn kan wà nínú rẹ̀, Runaround, tó ti kọ́kọ́ jáde ní 1942, mo sì lè búra pé ó kọ́ mi níṣẹ́ ju ìwé iṣẹ́ tí mo kà lọ. Àwọn ọkùnrin méjì wà lórí pílánẹ́ẹ̀tì tó súnmọ́ oòrùn jù lọ. Ohun tó ń dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ ooru ń kú lọ, wọ́n nílò èròjà kan tó ń jẹ́ selenium láti tún un ṣe, wọ́n bá rán róbọ́ọ̀tì wọn, Speedy. Speedy ò dé. Nígbà tí wọ́n wá a rí, ó ń sáré yí adágún selenium náà po, ó ń kọrin bí ọ̀mùtí.

Kí ló ṣe é? Òfin mẹ́ta ló wà nínú orí róbọ́ọ̀tì: má pa ènìyàn lára, má sì jẹ́ kí ó fara pa; gbọ́ ohun tí ènìyàn bá wí, bí kò bá ti tako ti àkọ́kọ́; dáàbò bo ara rẹ, bí kò bá ti tako méjì yẹn. Ewu wà nítòsí adágún náà, Speedy sì wọ́n lówó, nítorí náà wọ́n ti fún òfin kẹta rẹ̀ lágbára díẹ̀ sí i. Ẹni tó rán an, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló fi rán an, kò tẹnu mọ́ ọn. Bí ó bá súnmọ́ tòsí, ìbẹ̀rù lé e padà. Bí ó bá jìnnà, àṣẹ fà á wá. Ibi tí agbára méjèèjì ti dọ́gba ló ń sá yí po. Ọ̀kan nínú wọn ní láti rìn jáde sínú oòrùn tó lè pa á, kí Speedy rí i pé ènìyàn ń kú lọ, kí òfin àkọ́kọ́ lè gbé e kúrò lójú kan.

Ẹ̀rọ tó ń ṣe bíi wèrè ò ya wèrè. Àṣẹ méjì ló ń gbọ́. Fóònù tó ń pa ara rẹ̀, tó ń tan ara rẹ̀, tó ń pa ara rẹ̀, Speedy ni. Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ti mọ orúkọ yẹn. Wọ́n á ní, "Àǹtí, Speedy mìíràn ti dé o."

Èyí tó wá kan mí lára jù ni 2001: A Space Odyssey, tí Stanley Kubrick ṣe ní 1968 pẹ̀lú Arthur C. Clarke. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wò ó, mo sùn lọ. Ó lọ́ra bí ìgbín tó ń lọ sí Mẹ́kà. Ìgbà kejì ni mo rí kọ̀ǹpútà tó ń darí ọkọ̀ òfuurufú inú rẹ̀, HAL 9000, tó sọ fún àwọn awakọ̀ pé ẹ̀yà kékeré kan, AE-35, tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ wọn máa kọjú sí ayé, yóò bàjẹ́ láàárín wákàtí 72. Wọ́n jáde lọ yọ ọ́, wọ́n gbé e wọlé, wọ́n dán an wò. Kò sí nǹkan tó ṣe é. Nígbà tí wọ́n bi HAL, ó ní irú òun kì í ṣe àṣìṣe, ọwọ́ ènìyàn ni àṣìṣe ti máa ń wá.

Mo dìde lórí àga. Nítorí mo ti sọ gbólóhùn yẹn fún ènìyàn rí.

Alájì kan ní Ọjà Gbọ́ọ̀rọ̀ ló ni tẹlifíṣọ̀n náà, àwọn oníkùn ńlá ìgbà yẹn. Bí ó bá ti tó wákàtí kan tí wọ́n tàn án nílé, àwòrán á lọ, ohùn á kù. Wọ́n gbé e wá. Mo tú u, mo tàn án láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ geere. Mo ní kí wọ́n gbé e lọ. Ọjọ́ kejì, ó tún ti ṣe é. Mo pààrọ̀ kàpásítọ̀ méjì tí n kò fura sí, kí n má kàn ṣáà dá a padà láìṣe nǹkan kan. Ó ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó kú nílé. Nígbà kẹta, mo ti ń wo Alájì bí ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń lo nǹkan. Mo ní, "Alájì, ẹ má bínú o, tẹlifíṣọ̀n yìí ò ní nǹkan kan. Bóyá àwọn ọmọ ló ń fi ọwọ́ kàn án nílé."

Wọ́n rọra wò mí. "Ìyá Ridwan, mo mọ̀ pé o mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi ò sí nílé láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé ilé ìwé. Èmi àti ìyá wọn nìkan ni."

Ojú tì mí. Mo tẹ̀lé wọn délé. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni tẹlifíṣọ̀n náà wà, igi yí i ká lọ́tùn-ún lósì, aṣọ olóòdòdó tí Ìyá Alájì fúnra wọn hun sì wà lórí rẹ̀, ó bo ihò tí ooru fi ń jáde. Ohun tó dé nìyẹn. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, kò lè gbóná. Lẹ́ẹ̀dì kan ti sán ní ẹsẹ̀ tíránsífọ́mà, o ò lè fi ojú lásán rí i; bí ó bá ti gbóná, á ṣí díẹ̀, àwòrán á lọ. Ọ̀nà tí mo gbà ń dán an wò gan-an ni kò jẹ́ kí n rí àìsàn rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì ni mo fi tún un ṣe. N kò gba owó. Alájì ní àwọn ò ní gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n fi wàrà àti ẹgbẹ̀rún kan náírà rán mi sílé.

Láti ìgbà yẹn, mo máa ń bi oníbàárà pé níbo ni ó wà nílé, kí ló bò ó, kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan bá sọ pé ọwọ́ oníbàárà ni, mo ní kó lọ jókòó wo fíìmù yẹn. Ó ti lé ọmọkùnrin kan lọ rí. Ó ní òun kò lè fara da ìgbà tí ọ̀bọ ń lu egungun.

Frankenstein, mo kàn máa mẹ́nu bà á. Ọmọ ogún ọdún ni Mary Shelley tó kọ ìwé náà nígbà tí ó jáde ní 1818. Àwọn ènìyàn á ní ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé kí ènìyàn má dá nǹkan tó ju agbára rẹ̀ lọ. Irọ́. Ọkùnrin inú ìtàn náà dá ẹ̀dá kan tán, ojú ẹ̀dá náà ò wù ú, ó sá lọ sùn. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lórí tábìlì láìparí. Ẹ jẹ́ kí n má sọ jù bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "róbọ́ọ̀tì" fúnra rẹ̀ ni mo gbádùn láti tọpa. Inú eré orí ìtàgé kan, R.U.R., ló ti wá, èyí tí Karel Čapek, ọmọ ilẹ̀ Czech, kọ ní 1920. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Josef ló bá a wá orúkọ náà. Robota lédè wọn ni iṣẹ́ tipátipá tí àwọn mẹ̀kúnnù ń ṣe fún onílẹ̀. Bí mo ṣe kà á, ìwọ̀fà ló sọ sí mi lọ́kàn, ẹni tí wọ́n fi dúró fún owó, tó ń roko olówó títí gbèsè á fi tán. Róbọ́ọ̀tì Čapek kì í ṣe irin rárá. Ohun bí ẹran ara ni wọ́n fi pò wọ́n. Ìwọ̀fà ní ọjọ́ tí wọ́n á rà á padà. Àwọn wọ̀nyẹn ò ní. Wọ́n dìde, wọ́n sì pa àwọn tó ni wọ́n, àyàfi ẹnì kan ṣoṣo, ọkùnrin kan tó ṣì ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ bíi tiwọn. Mo máa ń sọ ìyẹn fún Ridwan ọmọ mi bí ó bá ń pariwo pé kọ̀ǹpútà máa gba iṣẹ́ ọwọ́ wa.

Ọdún 2020, nígbà kónílé-ó-gbélé, ni mo ka The Machine Stops lórí fóònù. E. M. Forster kọ ọ́ ní 1909! Olúkúlùkù ń gbé nínú yàrá tirẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, bí oyin nínú afárá. Bọ́tìnnì wà fún oúnjẹ, bọ́tìnnì wà fún orin, wọ́n ń rí ara wọn nínú gíláàsì. Ọmọkùnrin kan ní kí ìyá òun wá rí òun lójúkojú. Ìyá ní kí ló dé, ṣebí wọ́n ń rí ara wọn báyìí? Lójú tèmi nígbà yẹn, Ridwan wà níléèwé ní ìlú mìíràn, WhatsApp la fi ń ríra. Mo gbé fóònù sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tó mú mi ni èyí: orin wọn bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ìyá náà fi ẹjọ́ sun ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀rọ ìtúnṣe. Wọ́n ní kó fara balẹ̀. Nígbà tó yá, ìgbìmọ̀ náà jẹ́wọ́ fún gbogbo ènìyàn pé ẹ̀rọ tó ń tún nǹkan ṣe gan-an ló fẹ́ àtúnṣe, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe mọ́. Ohùn tó há yẹn mọ́ wọn létí, wọn ò gbọ́ ọ mọ́. Mo ka ìyẹn fún Bàbá lórí fóònù. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ní, "Ó bi í. Ẹni yẹn bi í."

Ohun tí Bàbá bi wà lójú sánmọ̀ tiwa náà. Arthur C. Clarke kan náà yẹn ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1945 pé bí a bá gbé sátẹ́láìtì sókè tó nǹkan bí 36,000 kìlómítà lókè ìlà ìdajì ayé, yóò máa bá ayé yí lọ ní ìwọ̀n kan náà, yóò dà bí ẹni dúró lójú kan, a ó sì lè fi ta ọ̀rọ̀ láti ìlú dé ìlú. Àròsọ nígbà yẹn. Lóṣù karùn-ún 2007, Nàìjíríà ní tirẹ̀ níbẹ̀, NigComSat-1, Ṣáínà ló bá wa kọ́ ọ, tó bá wa ta á sókè. Oṣù kọkànlá 2008, iná rẹ̀ dákú. Kò tó ọdún méjì. Àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú lọ tún Hubble, awò ńlá tó ń yí ayé po, ṣe lóṣù kejìlá 1993, wọ́n fún un ní ohun tó dà bí jígí ojú, ṣùgbọ́n Hubble kò ju bí 600 kìlómítà lọ.  Ta ló máa gun 36,000 lọ? Òmíràn ni wọ́n ní láti ṣe, NigComSat-1R, tó gòkè lóṣù kejìlá 2011. Èmi tí mo ń jẹun lórí àtúnṣe, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí bí ẹni tó sọ owó nù.

Ọmọ Èsìẹ́ ni Màámi. Nígbà ọlidé, wọ́n á mú wa lọ wo ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, níbi tí wọ́n kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sí ní 1945, àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn àgbà ń sọ pé ènìyàn ni gbogbo wọn tẹ́lẹ̀, pé àlejò ni wọ́n, wọ́n dé, wọ́n di òkúta. Wọ́n jókòó sórí àpótí, òmíràn mú idà lọ́wọ́, irun wọn dì dáadáa. Ẹ̀rù máa ń bà mí, ṣùgbọ́n orí tó ti ya kúrò lọ́rùn ni mo máa ń wò jù. Ọrùn wo ló ni orí wo? Bí ènìyàn bá fẹ́ tò wọ́n pọ̀, kí ni yóò fi mọ̀?

Ìbéèrè ọmọdé yẹn ni mo tún bá pàdé nínú Rosewater ti Tade Thompson, tó gba ẹ̀bùn tí wọ́n fi orúkọ Clarke sọ ní 2019. Ọmọ Yorùbá kọ ọ́, Nàìjíríà ọdún 2066 ló wà. Ohun abàmì kan láti òde ayé ti wọ ilẹ̀ wa, ó fi ohun kan dé ara rẹ̀ bí igbá, ìlú sì hù yí i ká. Òórùn tó ń bẹ níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ sọ ọ́ ní omi òdòdó. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, igbá náà ń ṣí, aláìsàn ń san. Ṣùgbọ́n kò mọ bí ènìyàn ṣe yẹ kó rí gan-an. Nígbà mìíràn, ó ń to ara ènìyàn pọ̀ ní òdì, òkú ń dìde láìsí ẹni nínú wọn. Ẹni tó ń tún nǹkan ṣe láì rí àwòrán inú rẹ̀ rí nìyẹn. Mo mọ ọ̀pọ̀ wọn lọ́nà Táíwò. Mo ti jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọmọbìnrin tó ń tú rédíò ilé, kí ó ra Binti ti Nnedi Okorafor fún un. Ọdún 2015 ló jáde. Ìdílé ọmọ náà ń ṣe ẹ̀rọ kékeré ọlọ́wọ́ kan tí gbogbo ayé ń wá rà, òun náà mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ó sì fi òru sá lọ sí yunifásítì lórí pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn. Èmi, wọ́n ṣì ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ mà, ọ̀gá dà?"

Ilẹ́yá tó kọjá, mo gbé láàpútọ́ọ̀pù lọ sílé ní Pákátà. Bàbá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ṣì ríran. Mo ní, "Bàbá, mo rí ọ̀kan tó dáhùn ìbéèrè yín." The Martian ni, èyí tí Ridley Scott ṣe ní 2015 láti inú ìwé Andy Weir. Wọ́n fi ọkùnrin kan sílẹ̀ ní Máàsì pẹ̀lú èrò pé ó ti kú. Ó gbin ọ̀dùnkún sínú ìgbẹ́. Bàbá ń mì orí. Ó wa ọkọ̀ lọ, ó hú Pathfinder jáde nínú yẹ̀pẹ̀, ẹ̀rọ gidi tí Amẹ́ríkà gbé síbẹ̀ ní 1997 tó sì ti kú, ó gbé e wálé, ó fi iná sí i. Ó kọ ìbéèrè sórí páálí: ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ó gbé "bẹ́ẹ̀ ni" sápá kan, "rárá" sápá kejì. Ó dúró. Ojú kámẹ́rà náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

"Ó ti gbà!" ni Bàbá wí, wọ́n sì lu itan. "Dá a padà sẹ́yìn."

Mo dá a padà. Wọ́n fẹ́ rí wáyà tó fi ọwọ́ mú. Mo tún dá a padà. Wọ́n ní kí n dá a dúró níbẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ pe àbúrò wọn láti ẹ̀yìnkùlé kó wá wò ó, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí bátìrì tó ti wà nínú òtútù láti 1997. Lẹ́ẹ̀kẹrin ni wọ́n pe ìrun. Ìgbà tí wọ́n dé láti mọ́sálásí, ọ̀rọ̀ bátìrì náà ni wọ́n ṣì ń sọ. Mo bi wọ́n bóyá kí n jẹ́ kó máa lọ, ká lè mọ̀ bóyá ọkùnrin náà délé.

Wọ́n ní, "Dá a padà síbi wáyà yẹn."